Ọ̀pẹ pàmẹ́tò ní etí òkun South Carolina: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, èyí tí imọ̀ rẹ̀ ń pọ́n, àti àwọn tó fẹ́ fá a lórí

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Beaufort

Mo kí gbogbo ilé o. Agbègbè Beaufort ní ìpínlẹ̀ South Carolina ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ibi tí a wà kò sì jìnnà sí omi iyọ̀ rárá. Ọ̀pẹ tí àwọn ará ibí ń pè ní pàmẹ́tò, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko jẹ́ Sabal palmetto, ló wà níwájú ilé wa. Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ kí a tó ra ilé, ó sì ti ga kọjá òrùlé. Mẹ́ta yòókù ni àwọn olùtọ́jú ọgbà kan fi ọkọ̀ gbé wá ní ìparí oṣù Kẹjọ, tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àbáwọlé.

Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Èkíní ni pé àwọn mẹ́ta tí wọ́n gbé wá kò ní imọ̀ kankan lórí. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n sì dúró gbagidi bí òpó iná. Oṣù Kẹwàá ti dé báyìí, n kò sì tíì rí ewé kan tó là. Èkejì ni pé imọ̀ ìsàlẹ̀ lára èyí tó ti dàgbà ń pọ́n, àmì kéékèèké aláwọ̀ ọsàn sì wà lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti gbẹ. Àwọn olùtọ́jú ọgbà yẹn ní àwọn yóò gé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ó ku kìkì èyí tó nà gan-an sókè, wọ́n ní ìjì líle kò ní rí nǹkan dì mú lára rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn aládùúgbò mi rí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òkú igi ni wọ́n tà fún mi? Ṣé kí n sì gbà kí wọ́n gé èyí tó kù?

Baálẹ̀ Ọgbà

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kú ilé tuntun. Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀pẹ fún títà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Florida, pàmẹ́tò sì ni èyí tó ń gba ọwọ́ wa jù lọ. Ẹ má fòyà nípa àwọn mẹ́ta yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣí pàmẹ́tò nípò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ẹ ń rí lẹ́bàá títì ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, inú igbó tàbí pápá ìjẹko màlúù ni wọ́n ti hú u.

Ẹ jẹ́ kí n fi àgbọn ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ wa la mọ àgbọn. Bí ẹ bá gé gbòǹgbò àgbọn, nǹkan bí ìdajì nínú èyí tí ẹ gé yóò yọ ẹ̀ka tuntun, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ti pàmẹ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Florida dán an wò, wọ́n sì rí i pé gbòǹgbò pàmẹ́tò tí wọ́n bá ti gé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń kú, ibi yòówù kí wọ́n ti gé e. Gbòǹgbò tuntun pátápátá ni igi náà gbọ́dọ̀ ti ìdí ara rẹ̀ yọ. Ní gbogbo ìgbà tí kò fi ní gbòǹgbò yìí, omi tó ti kó pamọ́ sínú ìtì rẹ̀ ló fi ń gbé ẹ̀mí ró, bí imọ̀ bá sì wà lórí rẹ̀, imọ̀ náà ni yóò tú omi yẹn dànù sínú afẹ́fẹ́ kí gbòǹgbò tó dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń ṣí i, ọjọ́ yẹn nìkan ṣoṣo sì ni irú gígé bẹ́ẹ̀ tọ́ sí i. Ìdí kan náà ni a kì í fi í hú ọmọ pàmẹ́tò tí ìtì rẹ̀ kò tíì yọ sókè: kò ní omi tó pọ̀ lára, ibi tí gbòǹgbò tuntun ti ń jáde kò sì tíì gbó nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọmọ rẹ̀, kí ó ra èyí tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìkòkò.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó wà láàyè nìyí. Ẹ gbé àkàbà, kí ẹ wo àárín gbùngbùn orí rẹ̀. Màrìwò tó ṣù, tó le, tí orí rẹ̀ sì rí ṣóńṣó, ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín kan kọjá lára màrìwò náà àti lára ìdí imọ̀ tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìlà méjèèjì wà lọ́gbọọgba. Bí ìlà ara màrìwò bá ti fi ìkejì rẹ̀ sílẹ̀ sókè nígbà tí ẹ bá padà lọ wò ó, ọkàn igi yín, ìyẹn ibi tí imọ̀ tuntun ti ń yọ, ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á jẹ́jẹ́, tó sì yọ sí yín lọ́wọ́, tí ìdí rẹ̀ rọ̀, tó ń rùn, ọkàn rẹ̀ ti rà nìyẹn, ẹ pe àwọn tó tà á kí wọ́n wá gbé igi wọn. Ilẹ̀ tó gbóná ni gbòǹgbò pàmẹ́tò fẹ́ràn, nítorí náà bí òtútù bá ti wọlé, ìlà náà lè má kúrò lójú kan títí di ìgbà ìrúwé. Ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé ó ti kú.

Iṣẹ́ tiyín ni omi. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ló yẹ kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ máa mu omi, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dín in kù, kí ilẹ̀ tutù ṣùgbọ́n kí omi má dágún síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ajílẹ̀ sí i rárá títí imọ̀ tuntun yóò fi là, nítorí kò sí gbòǹgbò tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ sì wo igi tí wọ́n fi tì í kí ó má baà wó: ṣé wọ́n kan ìṣó mọ́ ara ọ̀pẹ náà ni, àbí wọ́n fi okùn di pákó mọ́ ọn kí wọ́n tó kan igi mọ́ pákó? Bí ó bá jẹ́ ìṣó, ẹ ní kí wọ́n wá tún un ṣe.

Ní ti imọ̀ tó ń pọ́n, ẹ má gbà kí wọ́n gé e. Mo ń padà bọ̀ wá ṣàlàyé ìyẹn lálẹ́.

Àgbẹ̀ Òkìtìpupa

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yapa díẹ̀. Láti kékeré ni a ti ń bá bàbá wa tún orí ọ̀pẹ ṣe. Akọ̀pẹ kò lè gé ìdì ẹyìn láìjẹ́ pé ó gé imọ̀ tó gbé e dúró. Ọ̀pẹ tí a kò bá sì tún orí rẹ̀ ṣe, yóò di igbó, ejò àti ọ̀kẹ́rẹ́ yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé, ìtàkùn yóò gùn ún dé òkè. Àwọn ọ̀pẹ tí mò ń wí yìí kò kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà jù mí lọ. Kí ló dé tí ti Amẹ́ríkà fi wá di ohun tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn?

Ohun kan wà tí mo fara mọ́ ṣá. Mo rí fídíò kan níbi tí àwọn agégi ti wọ bàtà tí irin ṣóńṣó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi gún ara ọ̀pẹ lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ bí wọ́n ti ń gùn ún. Akọ̀pẹ tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igbà ni yóò fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi máa tẹ̀ ẹ́, yóò gùn, yóò sọ̀, ara ọ̀pẹ kò sì ní ṣẹ̀jẹ̀.

Baálẹ̀ Ọgbà

Bàbá Àgbẹ̀, òótọ́ lẹ sọ, ẹ ò sì yapa sí mi tó bí ẹ ṣe rò. Akọ̀pẹ ń gé èyí tó wà lábẹ́ ìdì ẹyìn, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ kí ó ṣe agboorùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀dọ́mọdé kan bá gùn ún, tó sì gé orí rẹ̀ jù: ọ̀pẹ náà yóò máa yọ òdòdó akọ ṣáá, ẹyìn rẹ̀ yóò sì dín kù. Ohun tí wọ́n ń bá Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ ju ìyẹn lọ. Wọ́n fẹ́ kí ó ku imọ̀ díẹ̀ tó nà sókè, kí igi náà rí bí ẹni tí wọ́n fá lórí.

Àmì kéékèèké aláwọ̀ ọsàn tó wà lára imọ̀ ìsàlẹ̀, tí ẹnu imọ̀ náà sì ń gbẹ, àìtó pótásíọ̀mù, ọ̀kan nínú oúnjẹ tí igi ń rí nínú ilẹ̀, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iyanrìn etí òkun kì í di pótásíọ̀mù mú. Òjò ń fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí pàmẹ́tò kò bá rí i tó nínú ilẹ̀, yóò máa fà á jáde láti inú imọ̀ àgbà, yóò sì máa gbé e fún màrìwò tó ń bọ̀. Imọ̀ tó ń pọ́n yẹn ni àká tí igi náà ti ń jẹun báyìí. Bí ẹ bá gé e, àìtó náà kò lọ. Imọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni igi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà jẹ, ìyẹn náà yóò pọ́n, wọn yóò tún padà wá gé e, wọn yóò sì tún gba owó. Bí èyí bá ń bá a lọ lọ́dọọdún, ẹ ó rí i tí ìtì igi náà máa bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín lápá òkè, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtì ọ̀pẹ kì í padà sanra ní ibi tó bá ti tín-ín-rín.

Ajílẹ̀ tí Yunifásítì Florida ń dámọ̀ràn fún ọ̀pẹ ní ilẹ̀ iyanrìn ni èyí tí wọ́n kọ 8-2-12 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n náítrójìn, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì àti pótásíọ̀mù inú rẹ̀, tí magnẹ́síọ̀mù rẹ̀ sì jẹ́ 4. Èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ fọ́n ọn káàkiri abẹ́ òjìji igi náà, ẹ má ṣe kó o jọ sí ìdí rẹ̀. Ní Florida a máa ń fi sí i ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ yín kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, kí ẹ sì dáwọ́ dúró kí òtútù tó dé. Ẹ ṣọ́ra fún ajílẹ̀ koríko, nítorí náítrójìn ló pọ̀ nínú rẹ̀: yóò mú kí igi máa yọ imọ̀ tuntun ju èyí tí pótásíọ̀mù rẹ̀ lè bọ́ lọ, àìsàn yẹn yóò sì le sí i. Imọ̀ tó ti pọ́n kò ní padà di tútù. Ohun tí ẹ ó máa wò ni pé kí imọ̀ tuntun máa dàgbà láìpọ́n, èyí sì lè gba ọdún kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pàmẹ́tò kì í kánjú.

Kí wá ni ẹ lè gé? Imọ̀ tó ti gbẹ tán, tó ti di àwọ̀ igi, àti ọ̀pá òdòdó bí ẹ kò bá fẹ́ kí èso máa já sílẹ̀. Imọ̀ tútù kankan tó nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí tó kọjú sókè, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ìjì líle tí wọ́n sọ fún yín, òdì kejì rẹ̀ ni òtítọ́: imọ̀ tó yí orí ká ló ń gba atẹ́gùn sára kí ó má baà dé ọkàn. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Àgbẹ̀ lórí bàtà onírin, mo sì fẹ́ kí àwọn agégi ibí kọ́ bí a ṣe ń lo igbà.

Ìyá Ṣadé, Charleston

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìjì yẹn ni mo fẹ́ jẹ́rìí sí. Mo wà ní Charleston nígbà tí ìjì Hugo jà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi páìnì ti ṣẹ́ sí méjì lọ́tùn-ún lósì, àwọn igi ńláńlá mìíràn sì ti fà tu tòun ti gbòǹgbò, ṣùgbọ́n pàmẹ́tò tó pọ̀ ni mo rí tó ṣì dúró, imọ̀ wọn ló kàn ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kò sì sí ẹni tó gé wọn lórí kí ìjì tó dé. Òtútù náà kò tètè pa á. Nígbà tí yìnyín bo ìlú wa ní oṣù Kìíní ọdún 2018, imọ̀ díẹ̀ ló pọ́n lára ti ẹ̀yìnkùlé mi, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ooru fi dé kí n tó mọ èyí tó kú àti èyí tó yè.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ mọ ìdí tí ọ̀pẹ yìí fi wà lára àsíá ìpínlẹ̀ wa. Nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ìtì pàmẹ́tò àti iyanrìn ni wọ́n fi mọ odi Sullivan's Island, erékùṣù tó wà lẹ́nu ebúté Charleston, ọ̀gágun Moultrie sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lù ú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1776, ọta ń rì sínú ìtì náà ni, kò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1939 ni South Carolina sọ ọ́ di igi ìpínlẹ̀, Florida tẹ̀ lé e ní 1953.

Mo ní ìbéèrè kan. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń lọ sí Òyótúnjí, ìlú tí Ọba Adéfúnmi Kìíní tẹ̀ dó lẹ́bàá Sheldon ní 1970, ìyẹn kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ní òun fẹ́ máa gé màrìwò lára pàmẹ́tò ilé òun fún ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ǹjẹ́ kò ní pa igi náà?

Baálẹ̀ Ọgbà

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ nípa ọta yẹn ni mo máa ń fi yé àwọn oníbàárà mi. Ìtì ọ̀pẹ kò ní èèpo tó lè dí ojú ọgbẹ́, kò sì ní òrùka ọdọọdún bíi ti àwọn igi mìíràn. Okùn tó fọ́nká sínú ohun rírọ̀ ni gbogbo rẹ̀ láti inú dé ìta. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọta rì sínú rẹ̀ láìfọ́ ọ, ìyẹn náà ló sì fà á tí ihò ìṣó tàbí ojú bàtà onírin yóò fi wà lára rẹ̀ títí ọjọ́ tí yóò fi kú. Ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn àti kòkòrò ń gbà wọlé.

Ní ti màrìwò, ẹni tó bá gé ẹyọ kan ṣoṣo lókè, tí ọ̀bẹ kò sì dé ìsàlẹ̀ níbi tí ọkàn wà, kò pa igi. Imọ̀ kan ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Gullah, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, tó ń hun agbọ̀n láti ara koríko etí òkun ní agbègbè yín, imọ̀ pàmẹ́tò tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń rán an pọ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí ọ̀rẹ́ yín gé e lára igi tó ní imọ̀ tútù púpọ̀, kí ó má ṣe gé e lára igi kan náà léraléra, kí ó sì jìnnà sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, nítorí màrìwò kan yẹn ni gbogbo ohun tí ìyẹn ní. Ọkàn rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé. Pàmẹ́tò kì í yọ ẹ̀ka, ọkàn kan ló ní. Àwọn ará Florida kan ń gé ọkàn yẹn sè jẹ, ó sì dùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ni, odidi igi ló sì bá a lọ.

Ìyá Ọlọ́gbà, Jacksonville

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín láti ara kóró, nítorí ọ̀nà tó rọ̀ wá lọ́rùn jù lọ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun ló pẹ́ jù. Ní àárín ooru ni pàmẹ́tò ń yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tí oyin kì í kúrò nídìí rẹ̀, nígbà tí ooru bá sì lọ, èso rẹ̀ yóò dúdú. Ẹ ṣa èyí tó dúdú dáadáa, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fi ọwọ́ ra ẹran ara rẹ̀ kúrò títí kóró dídán yóò fi yọ. Ẹ gbìn ín nígbà tó ṣì tutù, sínú iyanrìn tí ẹ po mọ́ ilẹ̀dú, kí ẹ gbé e sí ibi tó móoru. Láàárín oṣù kan sí mẹ́ta, yóò hù.

Ohun tí yóò hù jáde kò ní jọ ọ̀pẹ lójú yín. Ewé kan ṣoṣo ni, tó rí gbọọrọ bíi ti koríko, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń fà á tu pẹ̀lú èpò. Ìkòkò tó jìn ni kí ẹ lò, nítorí ìdí pàmẹ́tò kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ kí ó tó yí padà sókè. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa lè retí ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ìtì tó yọ. Nínú igbó, ó lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo ń gbìn ín ná. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ rẹ̀ wo ọ̀pá imọ̀ náà dáadáa. Ti pàmẹ́tò ń dán ni, kò ní ẹ̀gún. Bí ẹ bá rí ẹ̀gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, Washingtonia, irú ọ̀pẹ mìíràn, ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ ibí, kò sì lè fara da òtútù àti ìjì tó pàmẹ́tò.

Ará Tampa

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Florida, ẹ má gbàgbé àrùn. Ní agbègbè wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn tí wọ́n ń pè ní lethal bronzing ní Florida ní ọdún 2006. Kòkòrò àìrí kan tó ń jẹ́ phytoplasma ló ń fà á, ìbátan èyí tó ti pa àgbọn lọ rẹpẹtẹ ní etí òkun Ghana; kòkòrò kékeré kan tó ń fò, tó sì ń mu oje imọ̀, ló ń gbé e láti igi dé igi. Imọ̀ ìsàlẹ̀ yóò kọ́kọ́ di àwọ̀ idẹ, lẹ́yìn náà ni màrìwò àárín yóò kú. Bí màrìwò bá ti kú, kò sí oògùn mọ́, ẹ gé igi náà lulẹ̀. Abẹ́rẹ́ oxytetracycline, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò àìrí, tí wọ́n ń gún sínú ìtì ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lè dáàbò bo àwọn tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ kò lè dá a dúró lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Àrùn kejì ni olú líle tó ń yọ lára ìdí ọ̀pẹ, tí wọ́n ń pè ní Ganoderma. Òun náà kò gbóògùn, kò sì dára kí a tún gbin ọ̀pẹ mìíràn sí ojú ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ìgékoríko máa ha ìdí rẹ̀. Kòkòrò tó tún yẹ kí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣọ́ ni ìbátan èyí tó ń bí ìtun tí àwọn ènìyàn wa ń dín jẹ. Igi tí ara rẹ̀ kò le, pàápàá èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nípò, ni òórùn rẹ̀ ń fà á. Yóò yé ẹyin sí orí rẹ̀, ìdin yóò sì jẹ ọkàn náà títí gbogbo orí yóò fi dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọmọ Ìlàjẹ

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ilé. Òkun ń jẹ ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ayétòrò, gbogbo yín sì ń sọ pé pàmẹ́tò kì í bẹ̀rù iyọ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ó lè dúró sínú omi òkun?

Baálẹ̀ Ọgbà

Ẹ kú ìfaradà, àbúrò. Atẹ́gùn tó gbé iyọ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan, bí omi òkun bá sì bò ó lẹ́ẹ̀kan tó sì fà padà, òjò yóò fọ ilẹ̀, igi yóò sì yè. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ tó wá tó jókòó ń pa á. Ní Waccasassa Bay, ní ìwọ̀-oòrùn etí òkun Florida, àwọn olùwádìí ti ń ṣọ́ igbó pàmẹ́tò láti ọdún 1992. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àgbà igi ṣì dúró, wọ́n ṣì ń so èso, ṣùgbọ́n kóró tó já sílẹ̀ kò lè di igi mọ́ nítorí iyọ̀ inú ilẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lójú omi yóò rò pé igbó náà wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àrólé mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kò ní dá òkun dúró fún yín ní Ayétòrò, n kò sì gbà yín níyànjú láti kó o wọlé. Àgbọn tí ẹ ní mọ ilẹ̀ yẹn jù ú lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Beaufort

Gbogbo yín ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti sọ fún àwọn olùtọ́jú ọgbà pé kí wọ́n má gé nǹkan kan lára èyí tó ti dàgbà, mo sì ti fa ìlà sára màrìwò àwọn mẹ́ta yòókù, kò sí èyí tó yọ sí mi lọ́wọ́. Okùn àti pákó ni wọ́n fi tì wọ́n, wọn kò kan ìṣó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wa iyanrìn ìdí wọn díẹ̀, mo rí i pé èyí tó wà láàárín jìn ju àwọn méjì yòókù lọ dáadáa. Ó jọ pé òun ló ga jù, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ kí orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bára dọ́gba. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Baálẹ̀ Ọgbà

Rárá o. Èyí wọ́pọ̀, ó sì ń pa igi lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò rántí ìdí rẹ̀ mọ́: gbòǹgbò kì í rí afẹ́fẹ́ ní ìsàlẹ̀ tó jìn tó bẹ́ẹ̀, imọ̀ tuntun yóò máa yọ ní kíkúrú, ní gbígbẹ, igi yóò sì máa rẹ̀yìn. Ẹ má ṣe wa iyanrìn kúrò ní ìdí rẹ̀ kí ẹ sì fi í sínú kòtò, omi ni yóò dágún síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè, kí ibi tí ìtì ti pàdé gbòǹgbò wà ní ojú ilẹ̀ gan-an. Kò tíì ní gbòǹgbò tuntun tó pọ̀ láti pàdánù, nítorí náà ìsinsìnyí rọrùn ju ọdún tó ń bọ̀ lọ. Bí wọn kò bá lè wá kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n dúró di oṣù Karùn-ún nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbóná, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé àwọn ni yóò san owó rẹ̀.